Apá Kejì Orin Ìyá Kolumba

Ṣọ́ọ̀bù tí Tak Jọstina ti ń fọ aṣọ tó sì ń lọ̀ ọ́ wà ní ìsàlẹ̀ òkè ní ìlú Mokpo ní Kòríà, níbi tí àtẹ̀gùn òkúta ti bẹ̀rẹ̀ sí í gùn lọ sáàárín àwọn ilé kéékèèké tó kọjú sí èbúté. Ẹni tó bá ń gòkè gbọ́dọ̀ gba iwájú rẹ̀ kọjá, ẹni tó bá sì ń sọ̀ kalẹ̀ kò ní ọ̀nà mìíràn. Bóyá nítorí èyí ni kò ṣe sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú ìjọ wa, tí kò sì sí iṣẹ́ tí wọn kì í kọ́kọ́ fi lọ̀ ọ́. Bí a bá fẹ́ ṣe kimchi, ẹ̀fọ́ tí a fi iyọ̀ àti ata pa mọ́, fún àwọn arúgbó, Jọstina ni. Bí a bá fẹ́ wẹ òkú ká sì wọ̀ ọ́ láṣọ, Jọstina náà ni. Òun ló ń lọ aṣọ funfun tí wọ́n ń wọ̀ nídìí pẹpẹ. Ó ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún, orúnkún rẹ̀ kò sì dára mọ́, àmọ́ ẹnu rẹ̀ máa ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó mọ ibi tí wọ́n ń rán an.

Ọkọ rẹ̀, Deoksu, kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Orúkọ ọmọ wọn ló fi ń pe ìyàwó rẹ̀, ó sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyá Seungu, ṣé Ọlọ́run yín kò mọ ẹlòmíràn ní gbogbo Mokpo yìí ni?"

"Ó mọ̀ yín. Ẹ̀yin ni ẹ kì í dá a lóhùn."

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ìpàdé ẹgbẹ́ aláàánú wáyé ní Ọjọ́rú Eérú, ní yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí eérú ṣì wà níwájú orí gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ Ìyá Kolumba ni wọ́n gbé kalẹ̀. Ìyá yìí ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ilé tó gbẹ̀yìn lókè àtẹ̀gùn ni ó ń dá gbé, kò sì lè sọ̀ kalẹ̀ wá sí Míísà mọ́. Lẹ́yìn ọdún tuntun, ó gbàgbé ìkòkò sórí iná títí tí èéfín fi kún ilé. Láti ìgbà náà ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, Hyangsuk, tó ń gbé ní Gwangju, ti ń sọ pé òun ń bọ̀ wá mú un lọ sí ilé ìtọ́jú arúgbó. Ìyá náà bẹ̀, ó sunkún, ìjọ sì bá a bẹ̀.

Agata, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́, sọ bí àdéhùn náà ṣe rí.

"Hyangsuk ní òun á máa fóònù mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹnì kan nínú wa bá ń wọlé lọ bá ìyá òun, tó ń jókòó tì í, tó sì ń rí i pé ó jẹun, òun á fi í sílẹ̀ sínú ilé rẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó ń lọ, ó parí. Ìyá náà ní ohun kan ṣoṣo tí òun fẹ́ ní Lẹ́ńtì yìí ni ẹni tó máa bá òun kọ yeondo lọ́jọ́ Ẹtì. Ta ló máa gòkè?"

Yeondo ni àdúrà tí a ń kọ lórin fún àwọn tó ti kú. Apá kan á pè, apá kejì á dáhùn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì sí bí ẹnì kan ṣoṣo ṣe lè kọ ọ́ kó dùn. Anselmu, ọmọ Ìyá Kolumba, ni ìyá náà ń kọ ọ́ fún. Apẹja ni ọmọ náà. Ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ jáde ní Lẹ́ńtì kan láyé àtijọ́, kò sì padà, a kò sì rí òkú rẹ̀ sin. Sesilia tó ń gbé ní ilé kejì ló máa ń dáhùn fún un tẹ́lẹ̀, àmọ́ Sesilia ti kú nígbà tí ewé ń wọ́.

Bí ó ṣe mẹ́nu kan gígòkè, orúnkún gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Àwọn kan ń fi ọwọ́ ra tiwọn.

"Èmi á lọ," ni Jọstina wí.

"Orúnkún tìrẹ ńkọ́?"

"Lẹ́ńtì la wà, Ẹ̀gbọ́n Agata. Ẹ jẹ́ kó máa dùn mí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ara sì tu gbogbo wọn.

Ó lọ ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́, ó gbé ìrẹsì àti tófù lọ́wọ́. Ìyá Kolumba ti tẹ́ tìmùtìmù méjì sílẹ̀ kí wọ́n kọjú síra wọn, ó sì ti gbé àwòrán Anselmu sáàárín. Ìyá náà pè, Jọstina dáhùn. Kò pẹ́ tí ìyá náà fi gbọ́wọ́ sókè.

"Dúró ná. O ń sáré. Ṣé ọkọ̀ ojú irin fẹ́ já ẹ sílẹ̀ ni?"

"Ẹ má bínú, Ìyá."

"Anselmu kò lọ síbì kankan. Rọra."

Jọstina rọra. Orin náà gùn. Nígbà tó parí, ìyá náà gbé ọbẹ̀ ewé òkun kaná, ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ jọ mu ún. Lẹ́yìn ọbẹ̀, ó fi ọwọ́ nu àwòrán náà, ó sọ ìtàn eyín ọmọ náà tó kọ́kọ́ yọ, ó sì tún un sọ. Ojú fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkun, bó bá sì ti ń sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ló ń wò.

Nígbà tí Jọstina padà dé ìsàlẹ̀, ilẹ̀ ti ṣú. Deoksu jókòó níwájú ṣòkòtò oníbàárà kan tí àmì áyọ́ọ̀nù ti jó sí ìdí.

"Mo ní kí n ràn ọ́ lọ́wọ́," ni Deoksu wí.

"Ẹ ti ràn mí lọ́wọ́ tán."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì kejì kò le, bóyá ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti ṣe. Aṣọ pọ̀ nílẹ̀. Jọstina gòkè, ó gbé àpò oúnjẹ náà kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn, ó tẹ agogo, ó sì sọ̀ kalẹ̀ kíákíá kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Nínú ọkàn rẹ̀, ó sọ pé oúnjẹ ṣáà dé, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni òun á jókòó.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹgbẹ́ ṣe ìpàdé. Àṣà wọn ni pé kálukú á dìde, á sọ iṣẹ́ àánú tó ṣe láàárín ọ̀sẹ̀, láìfi fọ́nnu. Nígbà tó kan Jọstina, ó ti dìde, ó sì ti la ẹnu láti sọ pé òun gbé oúnjẹ lọ.

"Jọstina gòkè lọ, ó sì bá Ìyá Kolumba kọ yeondo," ni Agata sọ kó tó sọ ọ́. "Mo ti sọ fún Hyangsuk. Inú ọmọ náà dùn débi pé ó fẹ́ẹ̀ sunkún sí mi létí."

Jọstina mi orí bí ẹni tó gbà, ó sì jókòó. Ó máa ń sọ lẹ́yìn náà pé bí òun bá purọ́ tẹnutẹnu ni, ojú ì bá ti òun, òun ì bá sì ti tún un ṣe; àmọ́ orí tí èèyàn mì kò ṣeé pè padà.

Ó tún gbé àpò kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn lọ́sẹ̀ kẹta, ó tún mi orí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Lọ́sẹ̀ kẹrin àti karùn-ún bákan náà. Káàdì ìjẹ́wọ́ tí ìjọ ń fi ránṣẹ́ sí ilé kọ̀ọ̀kan ṣáájú Àjíǹde wà lára dígí ṣọ́ọ̀bù níbi tó lẹ̀ ẹ́ mọ́, gbogbo ilé tó wà ní ìtòsí sì ti mú tiwọn lọ jẹ́wọ́.

"Tìrẹ ṣì wà níbí," ni Deoksu wí. "Àbí o kò dẹ́ṣẹ̀ lọ́dún yìí? Mo lè yá ẹ ní díẹ̀."

Jọstina kò rẹ́rìn-ín.

Fada Pyo, àlùfáà ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìjọ wa, lọ gbé Ara Olúwa fún Ìyá Kolumba nílé. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn Míísà, ó dúró níwájú ìjọ pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Mo bi Ìyá Kolumba bóyá ó ń dá wà. Ó ní rárá. Ó ní ohùn Jọstina wà nínú yàrá òun ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀yin ará mi, bí Lẹ́ńtì ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

Ìjọ pàtẹ́wọ́. Àwọn tó wà níwájú yí ojú padà wò ó. Agata fi ìgúnpá gbún un, inú rẹ̀ ń dùn. Jọstina tẹ orí ba, gbogbo èèyàn sì rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ Ajé, ó gun àtẹ̀gùn náà láìgbé oúnjẹ kankan lọ́wọ́. Ó pẹ́ kí ilẹ̀kùn tó ṣí.

"Ìwọ rèé," ni ìyá náà wí. "Mo ti ń rò ó pé orúnkún rẹ ti san. Mo máa ń gbọ́ bí o ṣe ń sáré sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ ogún ọdún kò lè bá ẹ."

"Ìyá, kí ló dé tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀ fún Fada?"

"Ẹnu Hyangsuk ni mo ti gbọ́ ọ. Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́, èmi tàbí ìwọ?"

Ìyá náà yí padà láti lọ jókòó, ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sì ká sókè díẹ̀. Láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́, gbogbo ara ibẹ̀ ti dúdú, ẹ̀bá ibi tó dúdú náà sì ti ń pọ́n bí ọgbẹ́ tó ti ń pẹ́.

"Kí ló ṣe yín lọ́wọ́?"

"Agogo ni."

"Agogo wo?"

"Èyí tí o máa ń tẹ̀. Mo ní bí mo bá yára, mo lè bá ẹ lẹ́nu ọ̀nà. Mo fi ẹsẹ̀ kọ ní àbáwọlé." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá. "Mo wà nílẹ̀ níbẹ̀ fúngbà díẹ̀. Mò ń gbóòórùn ọbẹ̀ rẹ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù, lọ́jọ́ yẹn."

Jọstina kúnlẹ̀. Ìyá náà kò wo ìkúnlẹ̀ rẹ̀.

"Dìde. Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí Hyangsuk bá gbọ́ pé mo ṣubú, pé kò sì sí ẹnì kankan níbí, ó tán nìyẹn. Mo ti rí ibẹ̀ ní Gwangju. Èèyàn mẹ́fà ni wọ́n kó sínú yàrá kan, wọn kì í sì í pa tẹlifíṣọ̀n. Ibo ni màá ti kọrin fún ọmọ mi? Ṣé nínú tẹlifíṣọ̀n?" Ó na ọwọ́ sí tìmùtìmù kejì. "Jókòó. Ká kọ díẹ̀."

"Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, Ìyá. Mo gbé áyọ́ọ̀nù kaná."

Kò sí áyọ́ọ̀nù kankan lórí iná. Deoksu wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó lé e jáde ni ọwọ́ dúdú yẹn, nítorí kò lè jókòó kó kọjú sí i.

Ọjọ́ Ẹtì náà bọ́ sí ìgbà tí Ọjọ́ Àìkú Ọ̀pẹ ti sún mọ́lé. Aṣọ funfun àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ wà nílẹ̀, pẹ̀lú aṣọ pupa tí Fada máa wọ̀. Láti òwúrọ̀ ni Jọstina ti ń lọ̀ wọ́n. Nígbà tó parí, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ àwọn tó ti lọ̀ tẹ́lẹ̀. Deoksu ń wò ó. Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ lẹ́, ó gbé àpò oúnjẹ, ó gòkè, ó sì fi kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ yìí kò tẹ agogo, kí ìyá náà má baà sáré.

Ó ti yí padà nígbà tó gbọ́ ohùn. Ìyá Kolumba ń kọ yeondo nínú ilé. Ó pe apá àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa, aṣọ sì ń wọ́ lórí ilẹ̀, bí ẹni tó ń fi ìdí wọ́ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ohùn kan náà sì dáhùn apá kejì, ó fi ẹ̀sọ̀ rẹlẹ̀ sí i díẹ̀. Aṣọ tún wọ́. Ohùn náà padà sí apá àkọ́kọ́.

Ilẹ̀kùn yẹn kò ní ju kí èèyàn kàn án lẹ́ẹ̀kan. Jọstina dúró níbẹ̀ títí tí ọwọ́ rẹ̀ fi tutù, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó já káàdì náà kúrò lára dígí, ó sì lọ jẹ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún wa nígbà tó yá ohun tí Fada Pyo bá a sọ. Fada kò bá a wí. Ó gbọ́ ọ dópin lẹ́yìn aṣọ ìkélé.

"Ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó tì í," ni ó sọ. "Ẹ kọ orin yẹn tán. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ wá ọ̀nà tí ẹ ó fi sọ òótọ́ fún ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyá náà ni, ẹ má dá a sọ fún ọmọ rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Fada," ni Jọstina wí.

Kò lọ ní ọjọ́ Àìkú Ọ̀pẹ. Kò lọ ní ọjọ́ Ajé. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí ẹgbẹ́ péjọ tí kálukú ń dìde sọ iṣẹ́ rẹ̀, ó kan án, Agata sì ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ dè é.

"Èmi kò bá a kọrin," ni Jọstina wí. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo wọ ilé náà lọ kọrin. Ọwọ́ ilẹ̀kùn ni mo ń gbé oúnjẹ kọ́. Ó ṣubú níbi tó ti ń sáré wá bá mi, ó ṣe ara rẹ̀ léṣe, mo sì mọ̀, mo dákẹ́."

Ó sunkún. Obìnrin kan gbá a mọ́ra, ó ní ó gba ìgboyà láti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Òmíràn ní òun náà máa ń pa tòun mọ́ra ni. Agata nìkan ni ojú rẹ̀ le.

"O fi mí purọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀," ni Agata wí. "Kí ni kí n wá sọ fún un báyìí?"

"Òótọ́ ni, Ẹ̀gbọ́n."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ara Jọstina fúyẹ́. Ó jẹun, ó lọ aṣọ pẹ̀lú orin lẹ́nu, ó sì sùn. Mo kọ èyí sílẹ̀ nítorí pé òun ni ó máa ń nira fún un jù láti sọ: pé ó sùn, tó sì dùn mọ́ ọn, ní ọjọ́ kan náà tí Agata fóònù sí Gwangju.

Ní Ọjọ́bọ̀ Mímọ́, mọ́tò Hyangsuk dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin náà gòkè láìkí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Jọstina bá a dé òkè, ó ti ń ká aṣọ ìyá rẹ̀ sínú báàgì. Ìyá Kolumba jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó ti wọ kóòtù, ó gbé àwòrán Anselmu lé itan.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀," ni Jọstina wí. "Màá máa wá lójoojúmọ́. Màá máa sùn síbí bí ẹ bá fẹ́."

Hyangsuk kò gbé ojú sókè.

"Ẹ ti ṣèlérí tẹ́lẹ̀, Ìyá Seungu."

"Lọ́tẹ̀ yìí..."

"Ìyá mi wà nílẹ̀, kò sí ẹni tó mọ̀. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ yín lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kí n káṣọ."

Mọ́tò kò lè dé òkè, ìyá náà kò sì lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Deoksu ti gòkè wá láti gbé e, àmọ́ Jọstina ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú ìyá náà, ó kọ ẹ̀yìn sí i.

"Kúrò níbẹ̀," ni Deoksu wí. "Orúnkún wo lo fẹ́ fi gbé wọn sọ̀ kalẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ kí n gbé wọn."

Ìyá Kolumba wo ẹ̀yìn náà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fún Deoksu ní àwòrán dì mú, ó sì gun ẹ̀yìn Jọstina. Kò wúwo. Hyangsuk ṣáájú pẹ̀lú báàgì, Deoksu tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gbá nǹkan mú. Jọstina ń fi ẹsẹ̀ kan tẹ̀ ẹ́, ó ń mú èkejì wá bá a, ó sì ń mí kíkankíkan. Ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ọkọ̀ ojú omi kan ń fọn fèrè kúrò ní èbúté.

Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì ọ̀nà kí ìyá náà tó sọ̀rọ̀, lẹ́bàá etí rẹ̀, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́.

"Mo gbọ́ pé o jẹ́wọ́ níwájú gbogbo wọn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ṣé ara tù ẹ́?"

Jọstina ń tẹ àtẹ̀gùn lọ.

"Èmi kò ní kí o jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni," ni Ìyá Kolumba wí. "Mo ní kí o wá."

Jọstina dúró. Deoksu rò pé orúnkún ni, ó sì nawọ́ láti gba ìyá náà. Jọstina mi orí fún un pé rárá, ó gbé ẹrù rẹ̀ sókè díẹ̀ kó lè dì í mú dáadáa, ó sì gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn tó kàn.